"Ìdádúró" kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ àwọn ṣọ́jà Ireland

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àròjinlẹ̀. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Dublin fi ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fẹ́ fi sínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ wa níbẹ̀. Gbólóhùn náà rèé: "Ìjọba Ireland fẹ́ fi kún ìdókòwò nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n fẹ́ mú ìgbanisíṣẹ́ àti ìdádúró òṣìṣẹ́ lágbára sí i, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe." Àwọn kan ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ká má da ara wa láàmú. Àwọn kan ní ká kúkú fi ọ̀rọ̀ òyìnbó síbẹ̀ ká lọ sinmi. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé.

Ìdádúró yẹn, tí ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ "retention" òyìnbó, ìyẹn kí òṣìṣẹ́ má fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń dùn mí jù. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn rédíò n'Íbàdàn tàbí l'Ábẹ́òkúta mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní wọ́n dá ọ̀gá kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ọ̀hún ti wà nílé nìyẹn, bóyá fún oṣù mélòó kan, bóyá kò sì ní padà mọ́. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ pé ìjọba fẹ́ mú ìdádúró òṣìṣẹ́ lágbára sí i, ohun tí màmá tó ń ka ìwé yẹn ní Dublin máa gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ máa lé ṣọ́jà dànù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ṣọ́jà ló ń kó ẹrù wọn lọ fúnra wọn, tí ìjọba ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dojú gbogbo ìròyìn náà dé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ ná, torí èèyàn ò lè sọ nǹkan lórúkọ láìmọ ìwà ẹ̀. Ireland jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré, àwọn èèyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù márùn-ún, wọn ò sí nínú NATO, ẹgbẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ wà, wọn ò ní bàálù tó ń jà lójú ọ̀run rárá. Iye ọmọ ogun tí ìjọba fọwọ́ sí pé kó wà, tí a bá pa ti ilẹ̀, ti omi àti ti òfurufú pọ̀, jẹ́ 9,500. Ìgbà tó fi máa di òpin 2023, àwọn tó wà nínú yúnífọ́ọ̀mù gan-an ò ju bíi 7,500 lọ. Wọ́n ń gba èèyàn lọ́dọọdún o, ẹgbẹ̀ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbà nígbà mìíràn, àmọ́ fún ọdún mélòó kan títí di 2023, àwọn tó ń jáde ń pọ̀ ju àwọn tó ń wọlé. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, àwọn tó mọ̀ nípa iná àti kọ̀ǹpútà, àwọn awakọ̀ òfurufú, àwọn yẹn ló ń tètè lọ, torí iléeṣẹ́ aládàáni wà níta tó máa sanwó gidi fún wọn, tí wọn ò sì ní máa sun ojú òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó rí ìyàwó àti ọmọ.

Ti ọmọ ogun ojú omi ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀. Ní oṣù keje 2022 wọ́n fẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tì lọ́jọ́ kan náà, LÉ Eithne tó tóbi jù nínú wọn wà lára ẹ̀, wọ́n sì tún so òmíràn mọ́lẹ̀ ní Haulbowline, ibùdó wọn ní èbúté Cork, lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ náà ju pé kò sí ẹni tó máa wà á. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ra ọkọ̀ méjì lọ́wọ́ New Zealand ní mílíọ̀nù 26 yúrò, wọ́n gbé wọn dé ní oṣù karùn-ún 2023, ìdí kan pàtàkì tí wọ́n sì fi yan irú èyí ni pé àwọn èèyàn díẹ̀ ló ń wà á. Ó di oṣù kẹsàn-án 2024 kí wọ́n tó sọ wọ́n lórúkọ, LÉ Aoibhinn àti LÉ Gobnait, kí wọ́n sì gbà wọ́n wọ iṣẹ́. Owó wà níbẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀, èèyàn ni kò sí. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a bá lò fún dídúró àwọn èèyàn ni òpó tí ìròyìn yẹn fẹ̀yìn tì, a ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

Àbúrò wa kan níbí dábàá "ìdìmú". Mo rí ohun tó ń wò, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá di mú, kò fẹ́ dúró ni, àwọn àgbà sì mọ ẹni tí wọ́n ń dì mú láàrín ọjà. Ṣọ́jà Ireland kì í ṣe ẹni tí wọ́n dì mú. Kódà ọ̀nà kan wà lábẹ́ òfin wọn tí ṣọ́jà lè gbà sanwó fún ìjọba kó sì jáde kí àdéhùn ẹ̀ tó pé, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba ọ̀nà yẹn. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ ọ́ níbí pé "wọ́n ń ra ara wọn padà", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó, ìwọ̀fà àti ẹrú ni àwọn baba wa ń lo ìyẹn fún. "Wọ́n ń sanwó jáde" ti tó. Ẹ má sì kọ ọ́ pé wọ́n ń sá, torí ṣọ́jà tó bá sá ti ṣẹ̀ sí òfin, àwọn wọ̀nyí ò ṣẹ̀ sẹ́nì kankan.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni ìpẹ́lẹ́nuṣẹ́. A kì í ṣe àjèjì sí i, ibi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì la ti máa ń gbọ́ ọ, "ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí", gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni ó ń pẹ́, ìjọba kọ́ ló ń pẹ́ ẹ. Ó sọ ojúṣe ìjọba di pé kí wọ́n tún ilé ṣe kó ṣeé gbé. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ náà nìyẹn: wọ́n ti fi kún owó oṣù àti owó ojú òkun, wọ́n ń tún bárékè ṣe, wọ́n sún ọjọ́ orí tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ kọjá kó tó wọ ṣọ́jà di 39, wọ́n sì ń fa ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ torí òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí wákàtí iṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ ṣọ́jà wọn fún ọdún pípẹ́. Ṣọ́jà ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti daṣẹ́ sílẹ̀ bíi tàwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà, tí nǹkan bá sú u, kò ní ọ̀nà míì ju kó jáde lọ.

Fún ìgbanisíṣẹ́, mi ò ní ìjà pẹ̀lú ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ṣọ́jà ni, àwa náà mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé: "ó wọ ṣọ́jà", "wọ́n ń gba ṣọ́jà". Ẹ kọ ìgbàṣọ́jà, ó pin.

Ó wá ku ìdókòwò, tí wọ́n fi ń túmọ̀ "investment". Mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn gbogbo ló ń lò ó, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo inú ẹ̀. Okòwò wà níbẹ̀, okòwò sì ń retí èrè. Iléeṣẹ́ tó wá dá fáktírì sílẹ̀ ní Cork ń dókòwò. Ìjọba tó ń ra rédà tàbí tó ń san owó oṣù ṣọ́jà ò dókòwò, owó ìlú ló ń ná, ará ìlú ló sì ń san án. Lọ́dún 2022, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ ológun wò gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní oṣù kejì, wọ́n to ọ̀nà mẹ́ta síwájú ìjọba: kí wọ́n máa bá a lọ bó ṣe wà, tàbí kí wọ́n gbé owó ọdọọdún kúrò ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.1 yúrò sí bílíọ̀nù 1.5, tàbí kí wọ́n gbé e dé bíi bílíọ̀nù mẹ́ta kí wọ́n lè dà bí àwọn orílẹ̀-èdè kékeré mìíràn ní Yúróòpù. Ní oṣù keje ọdún yẹn ìjọba mú ti àárín, wọ́n fi 2028 ṣe gbèdéke, wọ́n sì ní kí iye ọmọ ogun gòkè dé 11,500. Gbogbo àríyànjiyàn tó ń lọ níbẹ̀ láti ìgbà náà, ta ni owó tọ́ sí, ṣé ilé ni ká fi kọ́ ni àbí ọkọ̀ ogun ni ká fi rà, ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìnáwó. Ìdókòwò ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ìnáwó, tó bá sì jẹ́ ti ọkọ̀, rédà àti bárékè ni, a ti ní "owó iṣẹ́ àkànṣe" tí gbogbo gómìnà wa ń kà jáde nínú ètò ìṣúná, kó yàtọ̀ sí owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ní Ireland, torí ìgbà kan wà tí owó oṣù tí wọn ò ná, nígbà tí ṣọ́jà ò pé, ń padà sápò ìjọba.

Àtúnṣe àti àtúntò, àwọn méjì yìí lẹ ti ń fà mọ́ra yín lọ́wọ́. Ọ̀gá wa tó jẹ́ tíṣà èdè ní àtúntò ló bá a mu, pé òun náà ni a ń lò nílé nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé kí wọ́n tún Nàìjíríà tò. Ní tèmi, Ireland nílò méjèèjì, wọn kì í sì ṣe ọ̀kan náà. Tí ìgbìmọ̀ ní kí ipò olórí àwọn ọmọ ogun ní agbára tuntun lórí ilẹ̀, omi àti òfurufú, kí wọ́n dá ẹ̀ka tó ń mójú tó ààbò orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, àtúntò nìyẹn. Àmọ́ ní 2021 àwọn obìnrin tó ti wọ ṣọ́jà rí jáde sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ àwọn akẹgbẹ́ àti ọ̀gá wọn, ìfipábánilòpọ̀, ìyọlẹ́nu, ìhalẹ̀mọ́ni. Ìgbìmọ̀ olómìnira tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbé ìwé wọn jáde ní oṣù kẹta 2023, ohun tó wà nínú ẹ̀ burú, adájọ́ Ann Power sì ń darí ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 2024. Àwọn obìnrin ò ju bíi méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú iṣẹ́ náà. Èyí, àtúnṣe ló ń fẹ́, ìwà ló bàjẹ́. Tí a bá pè é ní àtúntò, a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àga àti tábìlì, ìyẹn ò sì tọ́ sí àwọn obìnrin yẹn. Ó tún jẹ mọ́ ìpẹ́lẹ́nuṣẹ́, torí ta ló máa pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ níyà?

Ẹnìkan bèèrè pé ṣé "ọmọ ogun" tọ́ rárá fún orílẹ̀-èdè tí kì í bá ẹnikẹ́ni jagun, pé ká pè wọ́n ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́ jẹ́ jagunjagun gidi lóòótọ́, àmọ́ etí òde òní ń gbọ́ ẹ̀ṣọ́, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló ń rò, tàbí Àmọ̀tẹ́kùn. Láti 1958 làwọn ará Ireland ti ń bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀tù sí ìjà káàkiri, wọ́n pa mẹ́sàn-án nínú wọn ní Niemba ní Congo lọ́dún 1960, wọ́n pa ọ̀kan ní Lebanon ní ìparí 2022, àpapọ̀ àwọn tó ti kú lẹ́nu iṣẹ́ yìí lé ní 80. Ọmọ ogun ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ́ ọmọ ogun.

Ibi tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn sí ni ti àwọn tó ní iṣẹ́ tiwọn níta, tí wọ́n ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lópin ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè pè wọ́n tí ọ̀ràn bá dé. Ní Ireland 4,069 ló yẹ kí wọ́n jẹ́ lórí ìwé, àwọn tó wà gan-an ò tó ìdajì ẹ̀. "Ọmọ ogun ìpamọ́" tí ẹ̀gbọ́n lò ń dún bí ẹni pé wọ́n fi wọ́n pamọ́ fún ọ̀tá ni. Mo dábàá "ọmọ ogun àpèsí", torí wọ́n ń pè wọ́n sí i ni. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ẹ bá wa dá sí i, Benin tiyín náà ń gba ọmọ ogun kún láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ń wọ àríwá yín láti 2021, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ní ọ̀rọ̀ fún un tí a ò gbọ́ níhìn-ín.

Fún ìwé ìròyìn ti Dublin, bí mo ṣe rò pé kí ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ rèé: "Ìjọba Ireland fẹ́ fi kún ìnáwó lórí àwọn ọmọ ogun, wọ́n fẹ́ kí ìgbàṣọ́jà àti ìpẹ́lẹ́nuṣẹ́ sunwọ̀n, wọ́n ti ń tún iṣẹ́ náà tò, wọ́n sì ní àwọn máa tún ìwà inú ẹ̀ ṣe." Kò gùn jù, màmá máa kà á, ó sì máa yé e.