Hítà onígáàsì wa ń kùn, iná rẹ̀ sì ti pọ́n: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí hítà onígáàsì tó ń bá wa mú omi ìwẹ̀ gbóná. Irú èyí tó ní táńkì ńlá ni, tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ó ti pé ọdún méje tí a ti ń lò ó, a ò sì yẹ inú rẹ̀ wò rí. Láti bí oṣù méjì báyìí, tó bá ti ń ṣiṣẹ́, á máa kùn, á máa ta pàrà-pàrà bí ìgbà tí òkúta ń hó nínú ìkòkò. Omi gbígbóná rẹ̀ ò sì pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tú omi inú rẹ̀ dànù fúnra mi. Ìyàwó mi ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ti ní gáàsì nínú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Nǹkan kékeré kan tún wà: iná tó máa ń jó búlúù tẹ́lẹ̀ ti ń pọ́n bíi ti àbẹ́là. Orí sì ń fọ́ ọmọbìnrin mi láti ọjọ́ mẹ́ta, a rò pé òtútù ló mú un. Yàrá kékeré tó kángun sí ibi tó ń sùn ni hítà náà wà.

Oníṣẹ́ gáàsì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ ti gáàsì hítà yẹn pa, ẹ kó gbogbo ilé jáde síta, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí yìí, kí ẹ sì sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó ti fa carbon monoxide, ìyẹn gáàsì olóró kan, símú, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ohun tí ẹ pè ní nǹkan kékeré yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gáàsì tó bá rí atẹ́gùn tó máa ń jó búlúù. Tí iná rẹ̀ bá pọ́n, tí èédú sì ń dì mọ́ ara hítà, a jẹ́ pé kò jó tán, carbon monoxide ló sì ń tú jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta ni lójú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dì mọ́ ọn ju bó ṣe ń dì mọ́ oxygen lọ ní ìlọ́po tó ju 200, nítorí náà èèyàn á máa mí, síbẹ̀ ara ò ní rí ohun tó ń wá. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, bí ẹni tí òtútù mú, àmọ́ ara kì í gbóná. Ṣé orí yẹn máa ń fúyẹ́ tó bá ti jáde nílé?

Olùbéèrè: A ti pa á, ìta la wà. Ọmọ náà ní orí kì í fọ́ òun nílé ìwé rárá. Alẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti wẹ̀ tán. Àyà mi ń já. A ti ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Ẹyẹ ló kọ́lé sẹ́nu páìpù èéfín tiwa, tí gbogbo èéfín wá ń padà sínú ilé, èmi sì rò pé iṣẹ́ àṣejù ló ń fọ́ mi lórí. Tí ẹ bá dé, ẹ ra àláàmù carbon monoxide kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ẹ gbé e sí ẹ̀bá yàrá tí ẹ ń sùn kó lè jí yín. Àláàmù iná lásán kì í mọ carbon monoxide, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín. Ẹ máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ wò lóṣooṣù. Òun náà máa ń gbó, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Olùbéèrè: A ti padà dé. Carbon monoxide ni lóòótọ́. Wọ́n fún un ní oxygen, a sùn síbẹ̀ mọ́jú, ara rẹ̀ ti yá. Oníṣẹ́ tó wá wo hítà ní oríkèé páìpù èéfín ti yọ, eruku sì ti dí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé sídìí iná. Ó ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, iná ti padà di búlúù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an ni. Ariwo yẹn ńkọ́?

Oníṣẹ́ gáàsì: Ẹ kú orí ire o! Kí a tó dé orí ariwo, ẹ kọ́ àyẹ̀wò kan. Tí hítà bá ti jó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ṣáná sí ìṣáná kan, ẹ fẹ́ ẹ pa, kí ẹ gbé èéfín rẹ̀ sún mọ́ ibi tí páìpù èéfín ti bẹ̀rẹ̀ lórí táńkì. Páìpù gbọ́dọ̀ fa èéfín náà wọlé. Tó bá ń fẹ́ ẹ padà sí yín, ẹ pa hítà, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ má dí fèrèsé yàrá yẹn nítorí òtútù, ẹ má sì tọ́jú epo bẹntiróòlù tàbí ọ̀dà síbẹ̀.

Púlọ́mbà: Ariwo yẹn, ẹfun inú omi ló silẹ̀ tó sì le sídìí táńkì. Omi tó há sábẹ́ rẹ̀ ló ń hó tó ń ta. Ẹ lè tú omi táńkì náà dànù fúnra yín lọ́dọọdún. Ẹ ti gáàsì pa, ẹ ti omi tútù tó ń wọlé, ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Ẹ fi rọ́bà sẹ́nu fáàfù ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná kan nínú ilé kí atẹ́gùn lè wọ táńkì. Tó bá dà tán, ẹ máa ṣí omi tútù díẹ̀díẹ̀ kó ru ìdọ̀tí sókè, títí omi á fi mọ́. Fún ọdún méje tí ẹ ò fọwọ́ kàn án, fáàfù yẹn lè kọ̀ láti padé, nítorí náà ti àkọ́kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ wà níbẹ̀. Kó bá yín yọ ọ̀pá anode wò pẹ̀lú: ọ̀pá yẹn ni ìpẹtà máa ń jẹ dípò ara táńkì, mo sì rò pé tiyín á ti tán.

Fáàfù tó wà lókè, tó ní ọwọ́ kékeré, òun ló máa ń ṣí fúnra rẹ̀ tí omi bá fẹ́ẹ́ tó 99°C tàbí tí agbára inú táńkì bá pọ̀ jù. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti fi ìdérí dí páìpù rẹ̀ nítorí pé ó ń kán. Táńkì tí kò rọ́nà mí lè bú gbàmù! Tó bá ń kán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ìwọ̀n ooru hítà náà sí 49°C nítorí ọmọ. Omi 60°C lè bó awọ ara láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Púlọ́mbà: Òótọ́ ni, Màmá, àmọ́ kòkòrò Legionella, tó máa ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, fẹ́ràn omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Tí ẹnì kan nílé bá ti dàgbà tàbí tí àìsàn ń ṣe é, mo máa ń fi táńkì sí 60°C, màá wá fi fáàfù tó ń po omi tútù mọ́ ọn sójú ọ̀nà.

Olùbéèrè: Ó yé mi. Àláàmù ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọmọ, mo tẹ̀ ẹ́, ó ké. Ọjọ́ Sátidé la máa tú táńkì, oníṣẹ́ á wà níbẹ̀.

Oníṣẹ́ gáàsì: Ẹ rí i pé táńkì kún, tí omi ń dà geere lẹ́nu ẹ̀rọ láìtutọ́, kí ẹ tó tan iná o. Ẹ fi ọṣẹ híhó kun gbogbo oríkèé páìpù gáàsì, ibi tó bá yọ ìfófòó ló ń jò. Ẹ bá mi kí ọmọ.