"Àjogúnbá" kọ́ ni h²: ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìdá ìran"

Ẹ̀gbọ́n tó dábàá pé ká máa fi "àjogúnbá" túmọ̀ h², ìyẹn ohun tí àwọn onímọ̀ ìbísí ẹran àti irúgbìn ń pè ní "heritability" ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ohun tí òbí gbé fún ọmọ là ń wọ̀n. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ọ̀wọ́ kan là ń wọ̀n: èló nínú rẹ̀ ló ti inú ìran wá, èló ló sì ti ọ̀dọ̀ oúnjẹ, ilẹ̀ àti ìtọ́jú wá?

Ẹ wo oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Alábàtà, l'Abẹ́òkúta níbí. Ká ní igi ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo la gé, tí a gbìn, tí a tún gé, títí ó fi kún oko. Ìran kan náà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀ ìdí kan yóò ta dáadáa, èkejì ò ní ju ìka lọ, torí ọ̀kan bọ́ sórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, èkejì bọ́ sórí òkúta. Nínú oko yìí, òdo ni h². Ṣé a lè wá sọ pé ẹ̀gẹ́ náà ò jogún nǹkan kan? Ibẹ̀ ni "àjogúnbá" ti já wá sílẹ̀.

"Ìpín ìran" tí ẹlòmíràn mú wá sàn jù ú, àmọ́ létí Yorùbá, kádàrá ni ìpín kọ́kọ́ ń sọ. Ẹ kọ ọ́ pé "ìpín ìran adìyẹ yìí kéré", àgbẹ̀ á gbà pé orí rẹ̀ ni kò dáa. Ìdá ló tọ́, bí a ti ń sọ ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin. Ìdá ìran ò lè kéré sí òdo, kò sì lè ju 1 lọ.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lára adìyẹ. Ká ní ọ̀wọ́ kan ń wọn gíráàmù 600 ní ìpíndọ́gba lọ́sẹ̀ 8, tí àwọn àkùkọ àti abo tí a yàn ṣe òbí ń wọn 800. 200 tó lé yẹn ni mo pè ní èlé òbí. Bí ìdá ìran bá jẹ́ 0.3, èlé ọmọ á jẹ́ 60: àwọn ọmọ á wọn 660. 140 yòókù, oúnjẹ, ilé àti àkànpọ̀ jíìnì (ẹyọ ohun ìran inú ara) tí òbí kò lè gbé fún ọmọ bó ṣe wà ló ni ín. Bó bá jẹ́ àkùkọ nìkan la yàn, tí abo jẹ́ èyí tó bá ṣáà ti wà, èlé òbí á di 100 (ìpíndọ́gba 200 ti akọ àti òdo ti abo), èlé ọmọ á di 30. Ẹ sì ṣọ́ra: 0.3 yẹn ni h² fúnra rẹ̀, ẹ má tún fi lọ́po ara rẹ̀.

Inú ilé kan náà, oúnjẹ kan náà, ọjọ́ orí kan náà ni kí ẹ ti wọ̀n wọ́n. Bí ọmọ àwọn òbí ńlá bá ń jẹ dáadáa ju ìyókù lọ, oúnjẹ á gbé aṣọ ìran wọ̀, ìdá ìran á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Iye tí a rí nínú ọ̀wọ́ kan kì í ṣe ti ọ̀wọ́ mìíràn.

Adìyẹ tí ọrùn rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́ ò sí lára ọ̀rọ̀ yìí. Jíìnì kan ló ń fa ìyẹn. Ti ìwọ̀n ara ni jíìnì púpọ̀, tí agbára kálukú wọn kéré, bí R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní 1918.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a ó túmọ̀, "variance" ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a fi ń wọn ìyàtọ̀ inú ọ̀wọ́. Bí a bá yọ ìpíndọ́gba kúrò lára ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, tí a fi èsì lọ́po ara rẹ̀, tí a tún wá ìpíndọ́gba ìyẹn, kí là ń pè é? "Ìyàtọ̀" lásán ò tó. "Ìwọ̀n ìfọ́nká" ni mo mú wá, torí bí iye ṣe fọ́n ká yí ìpíndọ́gba ká ló ń sọ. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò.