“Iye àìlámì” tàbí “ìjìnnà”? Lórí orúkọ tí a ó fún |x|

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí gbogbo ilé.

Olùkọ́ ìṣirò kan bi wá pé kí ni kí òun máa pe “absolute value”, èyí tí a ń fi igi méjì kọ báyìí: |x|, bí òun bá ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ girama. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti wọlé. Ẹnì kan ní “iye pátápátá”. Ẹnì kejì ní “iye àìlámì”. Ẹnì kẹta ní ká kúkú yá “mọ́dúlọ́ọ̀sì” (modulus, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kejì) lò, bí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣe yá fóníìmù (phoneme). N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. “Ìjìnnà” ni mo fẹ́ ká pè é, nítorí orúkọ tí a bá fún nǹkan yìí ni ọmọ yóò gbé lọ́kàn nígbà tó bá ń ya gíráàfù rẹ̀.

“Iye pátápátá” kò ní pẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló túmọ̀, kò túmọ̀ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá gbọ́ “iye pátápátá” yóò rò pé a ti ṣe àròpọ̀ nǹkan kan, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà ń sọ iye gbogbo ọjà tí a rà.

“Iye àìlámì” ló yẹ ká dúró lé lórí dáadáa, torí pé ó dùn-ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́. −5 di 5, 5 dúró bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti gbà gbọ́ pé iṣẹ́ igi méjì yẹn ni láti yọ àmì kúrò, ẹ gbé |x − 3| fún un. Yóò pa àmì ìyọkúrò rẹ́, yóò sì kọ x + 3. Ẹ tún wá sọ fún un pé bí x bá wà lápá òsì òdo, |x| jẹ́ −x. Yóò bá yín jà, á ní ẹ ti ní kò gbọdọ̀ lámì, kí ni àmì tún ń wá níwájú x? Ó sì jàre, orúkọ tí a kọ́ ọ ló ń tẹ̀ lé. Bí x bá jẹ́ −5, −x jẹ́ 5. Àmì yẹn gan-an ló mú un padà sí apá ọ̀tún. Kò sí bí ọmọ ṣe lè rí èyí nínú “àìlámì”.

Ó tún kù. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “complex numbers”, irú bíi 3 + 4i, tí a kò lè sọ pé wọ́n wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì òdo. Wọn kò ní àmì kan tí a ó yọ, síbẹ̀ |3 + 4i| jẹ́ 5, torí pé ẹni tó bá rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta níbùú, tó sì rin mẹ́rin lóòró, ti fi ìṣísẹ̀ márùn-ún jìnnà sí ibi tó ti gbéra, bí a bá fa okùn tààrà. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni Argand, onímọ̀ ìṣirò, ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní Paris ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún nígbà tó lo ọ̀rọ̀ Faransé kan fún ìjìnnà yìí, “module”, ìyẹn ìwọ̀n. Ìwọ̀n ló sọ, kò sọ̀rọ̀ àmì rárá. Igi méjì tó dúró ṣánṣán ní ẹ̀gbẹ́ x, Weierstrass, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló mú un wá ní 1841.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ wo bí a ṣe ń kà nílé. Mẹ́rìndínlógún: mẹ́rin dín ní ogún. Mẹ́rìnlélógún: mẹ́rin lé ní ogún. Ogún ni òpó tí a so àwọn méjèèjì mọ́. “Dín” àti “lé” ń sọ ìhà tí nọ́ńbà wà, “mẹ́rin” ń sọ bó ṣe jìnnà tó. Ẹ yọ “dín” àti “lé” kúrò, mẹ́rin kan náà ló ṣẹ́kù níhà méjèèjì. Mẹ́rin yẹn ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kọ báyìí: |x − 20| = 4. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méjì, 16 àti 24, ọmọ tó bá ti mọ òǹkà Yorùbá ti ní àwọn méjèèjì lẹ́nu kó tó dé kíláàsì. (Mo mọ̀ pé òǹkà wa kò dọ́gba délẹ̀: ogún ni a fi ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n ni a fi ka márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn kò ba àlàyé yìí jẹ́.)

Nítorí náà, |x| ni “ìjìnnà x sí òdo”, tí a lè gé sí “ìjìnnà x”. |x − 20| ni “ìjìnnà x sí ogún”. Ẹ ṣàkíyèsí pé àmì ìyọkúrò ti bá “sí” lọ, kò sí ẹni tí yóò tún máa wá a láti pa rẹ́. |x + 3| ń kọ́? Ìjìnnà x sí −3, torí pé x + 3 jẹ́ x − (−3). Bí a bá kà á báyìí, ọmọ ti mọ ibi tí igun gíráàfù yóò wà kó tó fọwọ́ kan rúlà.

Ẹ jẹ́ ká yà á. Ìlà ìbú ni ti x, ìlà òòró ni ti ìjìnnà. Fún |x|, bí x bá jẹ́ −3, −2, −1, 0, 1, 2, 3, ohun tí a ó rí ni 3, 2, 1, 0, 1, 2, 3. Láti òsì, ìlà ń sọ̀ kalẹ̀: bó ti rin ìṣísẹ̀ kan níbùú ló ń wálẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan. Ó kan òdo, ó ṣẹ́rí padà lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́nà kan náà. Kò ní tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ bíi gíráàfù x², igun ṣóńṣó ló ní. Kò sì lè wọ abẹ́ ìlà ìbú láéláé, torí pé kò sí ìjìnnà tó kéré ju òdo lọ. Èyí tún jẹ́ ohun tí “àìlámì” kò sọ fún ọmọ, tí “ìjìnnà” sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Létà V ni ó jọ. Létà yẹn kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ girama tí kò mọ̀ ọ́n.

Fún |x − 20|, igun yẹn ṣí lọ sórí 20. Ẹ fa ìlà kan níbùú ní gíga 4, yóò gé apá méjèèjì, lórí 16 àti lórí 24. Fún |x − 3| + 2, igun yóò wà lórí 3, yóò sì fi ìṣísẹ̀ méjì kúrò nílẹ̀. 2|x| yóò ga ṣánṣán ju |x| lọ, −|x| yóò sì dojú dé.

Nípa ìlò, “lé” àti “dín” tún ni. Ká ní àpò sìmẹ́ǹtì kan ní 50 kg lára, tí a sì gbà kó fi ìdajì kílò lé tàbí kó fi dín. Bí w bá jẹ́ ìwọ̀n àpò, |w − 50| ≤ 0.5 nìyẹn, àpò tó bá wọn láàárín 49.5 àti 50.5 ti yege. Èyí tó wù mí jù ni ti kànga àdúgbò. Ilé márùn-ún wà lójú pópó kan tó gún régé, ní mítà 0, 20, 50, 160 àti 270. Níbo ni ká gbẹ́ kànga sí kí àpapọ̀ ìrìn gbogbo wọn lè kéré jù? Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò pín in sí márùn-ún, yóò sì ní 100. Níbẹ̀, àpapọ̀ ìjìnnà wọn jẹ́ 460. Ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ ẹ sí ojúlé ilé àárín, ní 50, ó di 410. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ibikíbi láàárín 50 àti 160, ilé mẹ́ta wà lẹ́yìn wa, méjì wà níwájú, bí a bá fi mítà kan sún síwájú, àwọn mẹ́ta yóò pàdánù mítà kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì péré ni yóò jèrè. Gíráàfù àpapọ̀ yìí ní igun márùn-ún, ọ̀kan níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ti ilé àárín ló sì rẹlẹ̀ jù. Bošković, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti lo irú ìṣirò yìí ní 1757 nígbà tó ń wá bí ayé ṣe rí ní ìrísí.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti sọ tẹ́lẹ̀ pé “jìnnà” ń tọ́ka sí ibi tó jìn, pé a kò lè sọ pé 0.1 jìnnà sí òdo. Ẹ jọ̀ọ́ sà, a máa ń bi ẹni tó ń gbé nítòsí pé, “Báwo ló ṣe jìnnà tó?” gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń béèrè bí ènìyàn kúkúrú ṣe ga tó. N kò sì gba “àlàfo” dípò “ìjìnnà”: ààyè tó ṣófo ni àlàfo, ó wà láàárín nǹkan méjì, kò sì sọ ibi tí a ti ń wọ̀n.

Ní ti “mọ́dúlọ́ọ̀sì”, n kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Mo ti lo gíráàfù níbí láìtijú. Ṣùgbọ́n a máa ń yá ohun tí a kò ní. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ìṣirò ní Mọdákẹ́kẹ́ nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ (Ife Six-Year Primary Project), àwọn ọmọ náà sì gbọ́ ọ. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyẹn, |x| kò sí níbẹ̀. Tiwa ni láti gbé e dé girama.

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. “Igun” ni mo lò fún ibi tí apá méjì gíráàfù ti pàdé, ṣùgbọ́n a tún ń fi igun pe àyè tó wà láàárín ìlà méjì, èyí tí a ń fi dígírì wọ̀n. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tó sún mọ́ káfíńtà tàbí bíríkìlà, kó bá wa béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ṣóńṣó ibi tí pákó méjì ti fẹnu kora.