Kí ni a lè fi maikirosíkóòpù lásán kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣègùn nánò?

Olùkọ́ Ìkòròdú:
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ni mò ń kọ́ ní Ìkòròdú níbí. A ti fi ìṣègùn nánò, ìyẹn lílo èérún tó kéré gan-an láti tọ́jú àìsàn, kún ẹ̀kọ́ sáà yìí, ṣùgbọ́n maikirosíkóòpù onímọ́lẹ̀ nìkan ni a ní, lẹ́ǹsì tó lágbára jù lára rẹ̀ kò sì kọjá ìlọ́po 100. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kàn jókòó máa wo àwòrán lójú pátákó. Iṣẹ́ ọwọ́ wo ni wọ́n lè ṣe?

Ará Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú làálàá, ọ̀gá. Ohun tí wọn kò lè rí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Láti 1873 ni Ernst Abbe, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ti ṣàlàyé pé agbára ìmọ́lẹ̀ níbi tó pin sí: ohun méjì tí àlàfo àárín wọn kò tó nǹkan bíi nánómítà 200 (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan) yóò dà bí ẹyọ kan lójú lẹ́ǹsì, bó ti wù kí a sọ wọ́n di ńlá tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn sẹ́ẹ̀lì pupa lórí síláìdì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti rẹ láró (ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gún ara wọn lábẹ́rẹ́ o). Ó fẹ̀ tó nánómítà 7,000 sí 8,000. Kí wọ́n wá ṣírò iye àpò ọ̀rá oògùn jẹjẹrẹ Doxil, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1995, tó lè tò láti etí sẹ́ẹ̀lì kan dé etí kejì, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tó nánómítà 100.

Lẹ́yìn èyí, ẹ po omi púpọ̀ mọ́ mílíìkì agolo díẹ̀, kí wọ́n wò ó pẹ̀lú lẹ́ǹsì ìlọ́po 40. Wọn yóò rí ẹ̀kán ọ̀rá tí ń gbọ̀n láìdúró, nítorí omi ń ti wọ́n láti ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ̀kán bá ṣe kéré tó ni ìgbọ̀n rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Oníṣẹ́ yàrá ìwádìí, Àgbádárìgì:
Èmi fara mọ́ ọn, àmọ́ mílíìkì nìkan kò tó fún ẹni tí yóò tọ́jú aláìsàn. Ẹ se wúrà nánò ní ọ̀nà tí onímọ̀ kẹ́místrì Turkevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1951: ẹ hó omi tí iyọ̀ wúrà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì da sodium citrate sí i. Yóò pọ́n bíi sóbò. Bí wọ́n bá gbé e sábẹ́ lẹ́ǹsì, omi pupa lásán ni wọn yóò rí. Ẹ wá kán omi iyọ̀ ọbẹ̀ sí i: àwọn èérún wúrà yóò so pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì di búlúù. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí a fi ń bo irú èérún bẹ́ẹ̀ kó má baà so pọ̀ nínú ara. PEG (polyethylene glycol), èròjà kan tó fẹ́ràn omi, ni wọ́n fi bo Doxil.

Olùkọ́ Ìkòròdú:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó lè rí èérún nánò ṣùgbọ́n tí a kò ní, ńkọ́?

Oníṣẹ́ yàrá ìwádìí, Àgbádárìgì:
Ẹ wá àwòrán rẹ̀ tó ní ìlà ìwọ̀n lára, kí olúkúlùkù fi ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wọn èérún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn: èérún gbígbẹ ni àwòrán bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi hàn, PEG kì í sì í fojú hàn dáadáa níbẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n tí wọn yóò rí lè kéré sí bí ó ṣe tóbi nínú omi.