Síkáànì ní ọ̀sẹ̀ 30, èmi ka 34

Ìyá Ẹniọlá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Oyún mi àkọ́kọ́, mi ò ṣe síkáànì kankan títí ó fi wọ oṣù kẹjọ. Tí a bá kà á láti ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, ọ̀sẹ̀ 34 ni. Ẹni tó ń ṣe síkáànì fi jẹ́lì tútù ra ikùn mi, ó wọn orí ọmọ, ó wọn ikùn rẹ̀, ó wọn eegun itan rẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ 30, kílò 1.5. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin!

Dókítà béèrè ìwé síkáànì ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Mi ò ní. Ó ní kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14, gígùn ọmọ láti orí dé ìdí ni wọ́n ń wọ̀n, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ọmọ kan sí èkejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọjọ́ orí oyún. Bó bá ti dàgbà, ọmọ kan á tóbi, òmíràn á kéré. Kò lè fi ẹ̀ẹ̀kan péré mọ̀ bóyá ọmọ ni kò dàgbà, àbí èmi ni mo ka ọjọ́ sódì. Kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Oorun dá lójú mi. Ọkọ mi á ti sùn, èmi á gbé ọwọ́ lé ikùn, máa ka iye ìgbà tó ta mí nípàá.

Nígbà tí mo padà lọ, ó ti di ọ̀sẹ̀ 32, kílò 1.9. Ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ! Èmi ni mo ṣi ọjọ́ kà, nǹkan oṣù mi kì í wá déédéé. Síkáànì ìkẹyìn ní kílò 3.4, òṣùwọ̀n ní 3.1 nígbà tí mo bí i.

Oyún kejì, ọ̀sẹ̀ 10 ni mo ti lọ ṣe síkáànì. Ìwé yẹn ò kúrò nínú báàgì mi títí mo fi bí.

Ìyá Ìfẹ́:
Tèmi yàtọ̀. Téèpù nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ pé ọmọ kéré. Ọ̀sẹ̀ 32, ikùn mi wọn sẹ̀ntímítà 28 láti ìsàlẹ̀ dé òkè ilé ọmọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó súnmọ́ iye ọ̀sẹ̀. Èmi ní ìwé síkáànì ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ dá mi lójú. Síkáànì fi hàn pé orí ọmọ ń dàgbà, ikùn rẹ̀ ló ń falẹ̀. Ibi ọmọ ni kò gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ 37 ni wọ́n fún mi ní oògùn ìrọbí. Kílò 2.2, ó sì ké kíkankíkan.

Ìyá Ẹniọlá:
Ọlọ́run ṣeun! Ìgbà mélòó ni wọ́n ń pè yín padà?

Ìyá Ìfẹ́:
Wọ́n ń wọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba okùn ìwọ́ kọjá, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wo ìyẹn.