«Ìsopọ̀ ọpọlọ» kẹ̀? Ta ló so ó?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa ní, lédè Yorùbá, kí a máa pe bí àwọn ẹkùn (agbègbè) inú ọpọlọ ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ («functional connectivity» lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní «ìsopọ̀ ọpọlọ», nígbà tí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú bá ń tún apá rẹ̀ kọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò fara mọ́ ọn.

«So» yẹn ló ń dùn mí. Ewúrẹ́ là ń so, ẹrù là ń so. Ohun tí a bá so, okùn wà lára rẹ̀. Fọ́nrán tó gba inú ọpọlọ kọjá wà lóòótọ́, kí «ìsopọ̀» máa jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń sọ níbí, bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, fi ń rí i. Lọ́dún 1995, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bharat Biswal àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹkùn òsì àti ẹkùn ọ̀tún tó ń darí ọwọ́ jọ ń lọ sókè, wọ́n jọ ń wálẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Rọpárọsẹ̀ a máa da ìyẹn rú. Bí ọwọ́ bá ń bọ̀ sípò, ó sábà máa ń padà. Ìyáàlù àti gúdúgúdú, ta ló fi okùn so wọ́n? Wọ́n ń gbọ́ra wọn yé ni.

«Ìgbọ́rayé» ni tèmi. Mo yọ «ẹni» kúrò nínú ìgbọ́ra-ẹni-yé, torí ẹkùn ọpọlọ kì í ṣe ènìyàn.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ní Ọ̀jẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Apá ọ̀tún wọn ló rọ. Ẹni tó ń tọ́jú wọn fi ìborùn wé ọwọ́ òsì, ó ní ọ̀tún ni kí wọ́n fi ṣa ẹ̀wà. Wọ́n á mú ẹyọ kan, á bọ́, wọ́n á tún nawọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹyọ mẹ́ta wọ inú abọ́, wọ́n wo ọwọ́ náà títí, wọ́n ní, «Ó ti ń gbọ́ báyìí.» Wọn ò ní ó ti so.

Ẹnìkan nínú wa tún kọ «àtúnkọ apá» fún bí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ṣe ń tún apá rẹ̀ kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì òkè sí i: àtúnkọ́. Lẹ́tà là ń tún kọ. Kọ́ ti ilé ni àbí kọ́ ti ẹ̀kọ́? Bàbá tó kọ́ mi ní gírámà ní Mọ́kọ́lá ì bá ní ti ilé ni. Èmi ò tíì gbà fún wọn.