Ìdóòlà ni, kì í ṣe ìmúpadàbọ̀sípò

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìmúpadàbọ̀sípò" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún gbígba èsì ìṣirò tí a kò tíì fi pamọ́, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tí a kò rí ọ̀nà wọ̀ mọ́. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn, "ìdóòlà" ni tèmi.

Ohun tí a bá mú padà bọ̀ sípò ti ní ipò tẹ́lẹ̀, bíi fáìlì tí a ṣèèṣì pa rẹ́ lórí dísíìkì. Èsì tí a ń sọ yìí kò ní ipò kankan níbẹ̀. Inú RAM, ìrántí ìgbà díẹ̀ kọ̀ǹpútà, ló wà, lọ́wọ́ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Ọbẹ̀ orí iná ni, a kò tíì bù ú sábọ́.

Àbúrò mi tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò wà ní Bódìjà níbí, ó gbé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lé kọ̀ǹpútà kan lókè òkun. Iná lọ, íntánẹ́ẹ̀tì já. Títí ilẹ̀ fi mọ́, kò rí oorun sùn. Nígbà tí iná dé tó tẹ "tmux attach" (àṣẹ tó ń múni padà sídìí iṣẹ́ tí tmux, ètò tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kú bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ń dì mú), ohun tó kígbe ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò kú!"

Ọ̀rọ̀ tí a ń wá nìyẹn. A máa ń sọ pé fóònù kú, ẹ́ńjìnnì kú. Ohun tó lè kú la máa ń dóòlà. Tí kì í bá ṣe tmux tó gbé iṣẹ́ yẹn dúró ni, bí okùn ṣe já yẹn, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ì bá fi àmì SIGHUP ránṣẹ́ sí i, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni àmì yẹn sì ń pa. (Láyé tí kọ̀ǹpútà ń gba orí wáyà tẹlifóònù ni orúkọ àmì náà ti wá, ìyẹn ni pé ẹni tòdìkejì ti gbé fóònù sílẹ̀.) Gcore pàápàá, tó máa ń da ohun tó wà nínú RAM iṣẹ́ kan sórí dísíìkì, iṣẹ́ tó ṣì wà láàyè ló lè ṣe é fún.

Ẹnì kan ní kí a lo "yíyọ". Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà mí, nítorí "yọ kúrò" lórí fóònù ni kí nǹkan pòórá.

"Ìjókòó" (session) tẹ́ mi lọ́rùn fún ohun tí a ń wọlé sí. Èyí tí a kò lè wọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí a pè é ní "ìjókòó tí okùn rẹ̀ já", torí okùn ló já, àwọn tó jókòó kò tíì dìde.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tiyín kò ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀ fún ẹ̀dà tí a ti tọ́jú tẹ́lẹ̀, tí a wá gbé padà.